Ilé Alápàáǹdẹ̀dẹ̀

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni màámi bi mí lọ́jọ́ tí mo lọ sọ fún wọn ní ìsọ̀ wọn ní ọjà Bódìjà pé mo ti rí ohun tí màá fi ṣe ìwádìí másítà mi. Wọ́n ń fi kóńgò wọn ẹ̀lùbọ́ fún oníbàárà kan. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Àjàní, tí o bá wá mọ̀ ọ́n tán, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Gbogbo èsì tí mo ti tò sílẹ̀ láti inú mọ́tò ló fò lọ. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ ná. Àwọn nǹkan kan wà, cosmic ray lorúkọ wọn, tó ń já lu ayé láti ojú ọ̀run tọ̀sán-tòru. Ojú ò lè rí wọn. Bí mo ṣe tẹ́ ọwọ́ yìí sílẹ̀, kí àáyá kan tó kọjá, ọ̀kan ti gba àtẹ́lẹwọ́ mi lọ."

Wọ́n wo ọwọ́ mi. "Ta ló ń rán wọn?"

"Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá gan-an nìyẹn."

"Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń wá a?"

"Láti 1912."

Oníbàárà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n màámi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí ìdí tí wọn ò fi tíì rí i. Mo ní àwọn nǹkan wọ̀nyí ní iná mọ̀nàmọ́ná lára, agbára òòfà sì kún àárín àwọn ìràwọ̀. Òòfà yìí á tì wọ́n sọ́tùn-ún, òmíràn á tì wọ́n sósì. Títí wọn ó fi dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ti yàtọ̀ pátápátá sí ọ̀nà ilé wọn. Wọ́n gbé kóńgò sílẹ̀. "Bí ọmọ tó sọnù lọ́jà nìyẹn."

Ẹni tó bá ti lo ọjọ́ Sátidé kan rí ní Bódìjà á mọ ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n á fa ọmọ kékeré kan wá, á ti sunkún títí ohùn á ti há. Wọ́n á gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ta ni bàbá ẹ?" "Dádì." "Níbo lẹ̀ ń gbé?" "Ilé wa." Ọmọ náà ò purọ́. Kọ̀rọ̀ tó ti yà láti ìgbà tó ti já ọwọ́ ìyá ẹ̀ sílẹ̀ ló pọ̀ jù, ibi tí wọ́n sì ti rí i kò sọ nǹkan kan nípa ibi tó ti wá. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí cosmic ray láti ọjọ́ náà. Mi ò tíì rí àfiwé tó ju ti màámi lọ.

*

Ìdí tí mo fi dárúkọ 1912 ni ará Austria kan tó ń jẹ́ Victor Hess. Lásìkò rẹ̀, àwọn onímọ̀ físíìsì ti ṣàkíyèsí pé iná tí wọ́n bá kó sínú ẹ̀rọ kékeré kan máa ń jò dànù díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n tiẹ̀ dé e pa. Wọ́n ní inú ilẹ̀ ni ohun tó ń fà á ti ń jáde, látara àpáta. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè, ńṣe ló yẹ kí ó máa dínkù. Hess wọ inú agbọ̀n bàlúùnù, irú ńlá tó máa ń gbé ènìyàn lọ sókè, ó kó ẹ̀rọ mẹ́ta dání. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ, ó gòkè kọjá 5,000 mítà, níbi tí èémí ti ń wọ́n. Ohun tó rí níbẹ̀ kò dínkù rárá. Ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ó sì ti kọ́kọ́ gòkè ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà, lọ́jọ́ tí òṣùpá bo oòrùn lójú, ẹ̀rọ rẹ̀ ò yí ohùn padà. Èyí ló jẹ́ kó sọ pé òkè ni nǹkan náà ti ń wá, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ oòrùn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1936. Ó kú ní 1964, kò rí ìbéèrè màámi dáhùn.

Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n gan-an ò bá wọn mu. Wọ́n ní ìtànṣán ni, bẹ́ẹ̀ èérún átọ́ọ̀mù ni wọ́n. Nínú mẹ́wàá wọn, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ proton, èérún tó wà láàárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá ti kan afẹ́fẹ́ òkè, wọ́n á fọ́ yángá, àfọ́kù wọn á tún fọ́ òmíràn, títí wọn á fi di òjò. Nítorí náà, ohun tó ń gba àtẹ́lẹwọ́ wa kọjá kì í ṣe àwọn fúnra wọn. Ọmọ-ọmọ wọn ni, èyí tí à ń pè ní muon. Púpọ̀ nínú wọn kò lágbára rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, 1991, wọ́n rí ẹyọ kan ní Utah ní Amẹ́ríkà tí agbára tó gbé wá tó ti bọ́ọ̀lù tẹníìsì tó ń sáré 150 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹyọ èérún átọ́ọ̀mù kan! Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n á ní "bọ́ọ̀lù lásán?" Ó máa ń gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó lè jẹ́ kí ẹ̀rù bà wọ́n.

Ìwádìí tèmi ò sún mọ́ irú ìyẹn. Ìlú kan wà ní Fínláǹdì, Oulu lorúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ti ń ka àfọ́kù cosmic ray láti 1964. Gbogbo iye tó kà ni wọ́n kó sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Yunifásítì tí mo wà kò ní ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wa pàápàá, ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò tàn. Nítorí náà, òru ni mo máa ń lọ sí káfé, torí owó òru dín, màá wa iye Oulu ọdún kan sórí fláàṣì, màá lọ kà á nílé. Ohun tí mo ń wá ni ìgbà tí oòrùn bá pọ ohun gbígbóná jáde tó gba iwájú ayé kọjá. Òòfà inú ohun náà á lé àwọn cosmic ray sẹ́yìn, iye tí ẹ̀rọ ń kà á já wálẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, á wá máa gòkè padà fún ọjọ́ púpọ̀. Ní ìparí oṣù Kẹwàá 2003, ó já wálẹ̀ ní Oulu tó bí ìdá kan nínú márùn-ún. Mo mọ ọjọ́ náà bí ẹni mọ ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bí ẹ bá tiẹ̀ gbé ẹ̀rọ Oulu wá sí Ìbàdàn, kò ní rí ohun tó ń rí lọ́hùn-ún. Òòfà inú ayé fúnra rẹ̀ na ọwọ́ sílẹ̀ bí ọgbà ní apá ibi tí à ń gbé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí èyí tí kò lágbára kọjá. Ìlú tó sún mọ́ ìkángun ayé ni ẹnu ọ̀nà wọn. Mo wá ń fi iye tí wọ́n kà nínú yìnyín kọ ìwé oyè lábẹ́ fáànù tí kò yí.

Mo parí ìwé náà ní 2010. Yunifásítì méjì lókè òkun gbà mí fún oyè ọ̀mọ̀wé, ìkankan nínú wọn ò lówó tí wọn yóò fún mi. Mo lọ gba iṣẹ́ olùkọ́ físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ibẹ̀ ni mo ṣì wà.

*

Mo sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ irú ojú tí mo fi ka ìtàn ìgbésí ayé Neil Gehrels, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà.

Bàbá rẹ̀, Tom Gehrels, ará Netherlands ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀dọ́mọdé ni, ó wà lára àwọn tó ń bá àwọn ọmọ ogun Jámánì jà níkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn ogun ó di onímọ̀ ìràwọ̀ ní Arizona, ó ń wá àwọn òkúta tó ń rìn kiri láàárín àwọn pílánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 1952 ni wọ́n bí Neil. Físíìsì àti orin ló kọ́ pọ̀ ní Yunifásítì Arizona, ó gba oyè nínú méjèèjì ní 1976. Mo fẹ́ràn ìyẹn, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀. Bóyá torí àwa níbí, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ kọ́ físíìsì àti orin, ìpàdé ẹbí la máa pè.

Cosmic ray ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó lọ sí Caltech, yunifásítì kan ní California, ó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ cosmic ray lára ọkọ̀ òfurufú Voyager, tí wọ́n jù sókè ní 1977. Nígbà tí Voyager gba ẹ̀gbẹ́ Júpítà kọjá ní 1979, wọ́n rí i pé Io, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá Júpítà, ń pọ iná jáde látinú òkè ńlá rẹ̀. Èérún ọ́síjìn àti súlífọ̀ tó ń sáré kiri nínú òòfà Júpítà ni Gehrels fi kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé tirẹ̀ ní 1982. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kánjú kọjá orí ìwé, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbà díẹ̀ nìyẹn tí ẹnì kan lè bi ọmọ tó sọnù pé "níbo lo ti wá?", kí ọmọ náà sì nawọ́ sí ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kúrò nídìí èérún, ó kọjú sí ìtànṣán gámà, ní ibùdó NASA tí wọ́n ń pè ní Goddard, ní Maryland. Ìtànṣán gámà ní tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni. Agbára rẹ̀ kàn ju ti ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí lọ lọ́nà tó pọ̀. Kò ní iná mọ̀nàmọ́ná lára, òòfà ò rí i mú. Ibi tó bá ti wá ló ń kọjú sí títí tó fi máa dé. Mo rò pé ẹni tó bá ti fi ọdún púpọ̀ bi ọmọ tí kò mọ ilé wọn ní ìbéèrè, òùngbẹ ẹni tó lè dáhùn á máa gbẹ ẹ́.

Ní 1987, ìràwọ̀ kan bú gbàmù nínú agbo ìràwọ̀ kékeré kan tó múlé tì wá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ débi tí ojú lásán fi rí i. Gehrels àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Alice Springs, ní àárín gbùngbùn Ọsirélíà, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ bàlúùnù, wọ́n rán an sókè. Ìtànṣán gámà láti ara kobalt tí ìràwọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ni wọ́n rí. Bàlúùnù náà ni, bíi ti Hess. Nǹkan bí ọdún 76 ti kọjá láàárín wọn. Ẹni tó bá ti dúró nídìí ìléru alágbẹ̀dẹ rí, tó rí i bí irin ṣe ń pọ́n kí wọ́n tó lù ú, kò ní ṣòro fún un láti mọ ohun tí ojú wọn rí.

*

Ohun tí Gehrels wá gbájú mọ́ ni ìbúgbàmù gámà, ìtànṣán gámà tó máa ń tàn lójijì lójú ọ̀run tó sì ń kú. Inú ìfura ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1963, Amẹ́ríkà, Soviet Union àti Britain fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní máa dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò lójú òfurufú mọ́. Amẹ́ríkà ò gbọ́kàn lé ẹnikẹ́ni, ó gbé àwọn sátẹ́láìtì Vela sókè kí wọ́n máa ṣọ́ ẹni tó bá fẹ́ dá àdéhùn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, 1967, Vela rí ìtànṣán gámà tó tàn yẹ̀rì, ó sì kú. Kò jọ ti bọ́ǹbù. Àwọn onímọ̀ tó wà ní Los Alamos, ibùdó ìwádìí bọ́ǹbù Amẹ́ríkà, gbé e pamọ́, wọ́n ń ṣọ́ òmíràn. Ọdún 1973 ni wọ́n tó sọ̀rọ̀ síta, pé àwọn ti rí mẹ́rìndínlógún, kì í ṣe ilẹ̀ ayé ló ti wá, kì í sì í ṣe oòrùn.

Ohun tí wọ́n rí ò jọ ohun tí ẹnikẹ́ni ti rí rí. Òmíràn kì í pé àáyá méjì, òmíràn á lò tó ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àsìkò náà, ó lè mọ́ ju gbogbo ohun yòókù lójú ọ̀run gámà lọ. Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Kò sì ní padà wá sí ibì kan náà. Ọmọ tó sọnù, ó kéré tán, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Eléyìí kan ilẹ̀kùn, kí o tó ní "ta nìyẹn?", ó ti lọ.

Ìgbà tó fi máa di ọdún 1990 sí nǹkan, àlàyé tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún àlàyé lórí nǹkan kan ṣoṣo, ẹ mọ̀ pé kò sí èyí tó mọ̀ nínú wọn nìyẹn. Gehrels ni olórí onímọ̀ fún Compton, sátẹ́láìtì tó ń ṣọ́ ìtànṣán gámà, tí wọ́n gbé sókè nínú ọkọ̀ Atlantis ní oṣù Kẹrin 1991. Nígbà tí wọ́n dé òkè, ẹ̀ríàlì rẹ̀ kọ̀, kò nà. Ọ̀kan nínú àwọn arìnrìn-àjò òfurufú náà, Jerry Ross, jáde síta, ó fọwọ́ mì í, ó nà. Iṣẹ́ rẹpẹtẹ owó, ọwọ́ lásán ló tú u sílẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ kan lára Compton rí ìbúgbàmù tó lé ní 2,700. Wọ́n fọ́n káàkiri ojú ọ̀run dọ́gba-dọ́gba. Bó bá jẹ́ pé inú agbo ìràwọ̀ tiwa ni wọ́n ti ń wá, wọn ì bá kóra jọ sójú ibi tí ìràwọ̀ pọ̀ sí.

Síbẹ̀ àríyànjiyàn ò tán. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin, 1995, Bohdan Paczyński àti Donald Lamb kojú ara wọn ní gbangba ní Washington. Paczyński ní òkèèrè réré ni, Lamb ní ẹ̀bá agbo ìràwọ̀ wa ni. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, sátẹ́láìtì BeppoSAX ti Ítálì àti Netherlands rí i pé bí ìbúgbàmù bá ti tán, ẹ̀ṣẹ́ná rẹ̀ máa ń ràn díẹ̀ nínú X-ray. Wọ́n tọ ẹ̀ṣẹ́ná ọ̀kan dé ìdí ní oṣù Karùn-ún 1997, ó jìnnà dé bílíọ̀nù ọdún-ìmọ́lẹ̀ mélòó kan (ọdún-ìmọ́lẹ̀ kan ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní ọdún kan). Paczyński ló jàre. Ohun tó bá sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tó ṣì mọ́ tó bẹ́ẹ̀, láàárín àáyá díẹ̀, ó ti ná agbára tó tó èyí tí oòrùn wa máa ná láti ìbí títí ikú rẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ́ná náà ń kú kíákíá. BeppoSAX máa ń lo wákàtí púpọ̀ kó tó yí ojú síbẹ̀.

Gehrels ló ṣáájú àwọn tó kọ́ èyí tí kò ní pẹ́. Swift ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ẹyẹ kan tó ń fò lọ́nà tó yá, tó máa ń kọ ìyẹ́ dà lójijì gba ibi tí kòkòrò bá wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró lábẹ́ afárá tàbí ẹnu ọ̀nà ilé àtijọ́ rí ti rí alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ohun tó jọ ọ́ jù lọ lójú tiwa nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ orúkọ yẹn, ẹsẹ Ifá tí bàbá màámi máa ń sọ ló wá sí mi lọ́kàn, pé alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kọ́lé rẹ̀ tán, kò kan omi, kò kan òkè. Kí tún ni sátẹ́láìtì? Nígbà tó kọ́kọ́ dé òkè, nǹkan bíi 600 kìlómítà ló so rọ̀ sí, kò bọ́ sílẹ̀, kò sì kúrò lọ́dọ̀ wa.

Ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, 2004, ni ilé náà gòkè. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ń wo ìdá ńlá ojú ọ̀run pa pọ̀. Bí nǹkan bá ti tàn, kọ̀ǹpútà inú sátẹ́láìtì á ṣírò ibi tó ti wá, kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan nílẹ̀, á yí gbogbo ara rẹ̀ padà kí awò X-ray àti awò kejì fún ìmọ́lẹ̀ lásán lè kọjú síbẹ̀. Nígbà púpọ̀, kì í tó ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Bó ṣe ń yí lọ́wọ́ ló ti ń ránṣẹ́ wálẹ̀. Malindi, ní etíkun Kenya, wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà wọlé, ibùdó tí àwọn ará Ítálì kọ́ síbẹ̀. Ẹ̀bá ibẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ju sátẹ́láìtì Uhuru sókè ní 1970, èyí tó kọ́kọ́ ya àwòrán ojú ọ̀run X-ray. Ọ̀rọ̀ Swahili ni Uhuru, òmìnira ni. Nínú gbogbo ìwé físíìsì tí mo kà nílé ẹ̀kọ́, kò sí èyí tó sọ fún mi.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn Gehrels, tí mo fi ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ìyára náà. Ohun tí Swift bá rí, kò fi pamọ́ fún àwọn tó kọ́ ọ. Láàárín àáyá, ìròyìn á lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni lágbàáyé tó bá forúkọ sílẹ̀, ìwádìí náà á sì bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ kíákíá. Nínú iṣẹ́ wa, àwọn tó lówó máa ń kó ohun tí wọ́n rí pamọ́ fún ọdún kan, kí wọ́n lè kọ ìwé tiwọn tán. Mi ò bá wọn wí, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn ọkùnrin àti obìnrin kan ní Maryland, Pennsylvania, Britain àti Ítálì pinnu bẹ́ẹ̀, olùkọ́ girama ní Ìbàdàn lè jí lóru, kó rí i lórí fóònù pé ìràwọ̀ kan kú ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sẹ́yìn. Mo forúkọ sílẹ̀ ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyàwó mi rò nígbà kan pé ẹlòmíràn ló ń kọ̀wé sí mi lóru.

Swift rí èyí tí ojú lásán ì bá rí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, 2008, bí ẹnì kan bá ń wo ibi tó yẹ, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rìn fún bílíọ̀nù ọdún méje àbọ̀. Ó rí ti oṣù Kẹrin 2009, tó ti rìn fún bílíọ̀nù ọdún 13, àárọ̀ kùtùkùtù ayé. Ṣùgbọ́n ti oṣù Karùn-ún 2005 ni mo rò pé ọkàn Gehrels fà mọ́ jù. Àwọn ìbúgbàmù gígùn, a ti mọ̀ pé ikú àwọn ìràwọ̀ ńlá ni. Àwọn kúkúrú, tí kì í pé àáyá méjì, ẹnikẹ́ni ò rí ẹ̀ṣẹ́ná wọn rí. Swift yí ojú sí ọ̀kan, ó bá ẹ̀ṣẹ́ná kékeré kan lẹ́bàá agbo ìràwọ̀ tó ti darúgbó, tí kò bí ìràwọ̀ ńlá mọ́. Bí ìràwọ̀ ńlá ò bá sí níbẹ̀, ta ló kú? Èsì tó jọ òótọ́ jù ni pé ìràwọ̀ neutron méjì ló forí gbárí, àwọn òkú ìràwọ̀ tó ti ń yí ara wọn ká láti ọjọ́ pípẹ́. Ó jọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí fún ọdún méjìlá. Ẹ̀rí tó máa parí ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n gbọ́ ìgbì ìkọlù méjèèjì náà fúnra rẹ̀ lára òfurufú, kí gámà sì tẹ̀ lé e.

Gehrels kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì, 2017. Ọmọ ọdún 64 ni.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, àwọn ẹ̀rọ LIGO àti Virgo, tó ń tẹ́tí sí irú ìgbì bẹ́ẹ̀, gbọ́ ìkọlù ìràwọ̀ neutron méjì láti ọ̀nà mílíọ̀nù ọdún-ìmọ́lẹ̀ 130. Àáyá kan àti ìdá méje nínú mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, sátẹ́láìtì Fermi rí ìbúgbàmù gámà kúkúrú láti apá ibẹ̀. Oṣù mẹ́fà péré ló fi pẹ́ ju Gehrels lọ. Swift ńkọ́? Ayé fúnra rẹ̀ dí i lójú ní ìṣẹ́jú náà, ẹ̀yìn ilé ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yí ká, ó sì rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù tí ẹnikẹ́ni ò retí, kó tó rọ. Ní oṣù Kìíní 2018 wọ́n fi orúkọ Gehrels kún orúkọ sátẹ́láìtì náà. Mo ka ìròyìn náà nínú yàrá àwọn olùkọ́, mo sì ní láti jáde síta.

Ìbéèrè kan ò tíì tán o. Ní 1995, àwọn onímọ̀ kan dábàá pé ìbúgbàmù gámà ló ń ju àwọn cosmic ray tó lágbára jù lọ sójú ọ̀run. Ìyẹn ni pé ẹni tó kan ilẹ̀kùn tó sá lọ ni bàbá ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí neutrino, èérún kékeré tí kò ní iná mọ̀nàmọ́ná lára, máa bá gámà wá. Àwọn tó rì ẹ̀rọ IceCube sínú yìnyín ní gúúsù ìkángun ayé wá a, wọ́n sọ ní 2012 pé àwọn ò rí i. Ó dín ìdánilójú náà kù gan-an. Bẹ́ǹṣì ṣì wà níbẹ̀, ọmọ ṣì jókòó.

*

Ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá, 2022, ọjọ́ Àìkú ni, a ń kó ọmọ àbúrò mi jáde. Ní aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú 17, àsìkò tí wọ́n ń pín ìrẹsì dé ọ̀dọ̀ wa, ìbúgbàmù gámà tó mọ́ jù lọ nínú gbogbo èyí tí ènìyàn tíì rí bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lu apá ayé tí a wà, láti ìlà oòrùn. Ó dí ojú àwọn sátẹ́láìtì. Ó ru afẹ́fẹ́ òkè pátápátá sókè, ìyẹn ipele tí ìgbì rédíò máa ń ta padà lára rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà ti wà lójú ọ̀nà fún nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún méjì.

Fermi ló kọ́kọ́ rí i. Ní bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà, Swift yí ojú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bọ́ sí apá ibi tí ìràwọ̀ agbo wa ti kún fọ́fọ́, ìròyìn tí wọ́n kọ́kọ́ fi síta wá ní ohun kan tí kò jìnnà ni, inú ilé wa níbí. Mo rí ìròyìn náà lórí fóònù mi ní alẹ́, ọwọ́ mi ṣì ní ọbẹ̀. Mo ní irú èyí kì í ṣe nǹkan. Mo pa á rẹ́. Ọjọ́ Ajé ni mo tó mọ ohun tí mo pa rẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ya ìsọ̀ màámi. Mo rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ń wọn ẹ̀lùbọ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe.

"Ó tiẹ̀ kàn wá?"

"Ó kàn wá, màámi. Àkókò tí ẹ ń bá ìyá ọmọ jà lórí ẹran."

"Mi ò mọ̀ ọ́n lára." Wọ́n da kóńgò sínú ọ̀rá, wọ́n fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe ènì. "Ìgbà wo nirú ẹ̀ tún ń bọ̀?"

"Wọ́n ní ó lè má ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ẹgbàárùn-ún ọdún."

Wọ́n so ẹnu ọ̀rá, wọ́n gbé e fún oníbàárà, wọ́n wá yíjú sí mi. "Ẹgbàárùn-ún ọdún. O wá pa lẹ́tà ẹ̀ rẹ́?"